Ẹni Tó Ń Ya Ẹ-Dúró-Ná ní Fọ́tò

Ẹ-Dúró-Ná la máa ń pe ọmọbìnrin tó ń tún yàrá ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì wa. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó gbá àwọn yàrá, kó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kó nu dígí. Tèmi ni kí n fọ aṣọ tó bá kó wá sísàlẹ̀ ní lọ́ńdìrì, kí n sì lọ̀ ọ́. Bí mo bá gbé ṣíìtì mímọ́ gòkè lọ fún un, tí mo fẹ́ kọjá níwájú fèrèsé, ohun tí màá gbọ́ ni, "Ẹ dúró ná, mà." Màá dúró gbagidi, ẹrù lápá. Á bọ́ épúrọ́ọ̀nù rẹ̀, á jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ tán, á na fóònù sókè, á gbé àgbọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ kan, á rẹ́rìn-ín. Sẹ́fì ni wọ́n ń pe irú fọ́tò téèyàn ń ya ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà á tún ibi tó jókòó sí tẹ́, kí ọ̀gá má bàa mọ̀ pé ẹnì kan fìdí kàn án.

Inú máa ń bí mi. Mo rò pé ìfẹ́ ara ẹni ló ń yọ ọmọ náà lẹ́nu, gbogbo wọn náà sì kúkú ni. Ọmọkùnrin tó ń gbàlejò níwájú ń ya ara rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, èyí tó ń gbé ọtí ń ya ara rẹ̀ pẹ̀lú ọtí tí kò ní mu. Ṣùgbọ́n ti Ẹ-Dúró-Ná tún yàtọ̀. Kò sí ẹlòmíì nínú fọ́tò rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ kan tó fi ọ̀kan hàn mí, mo rí ìgbọ̀nwọ́ mi ní igun kan, inú mi tiẹ̀ dùn díẹ̀. Nígbà tó fi máa gbé e síta fáráyé, ó ti gé ìgbọ̀nwọ́ náà dànù.

Mo ní, "Kí ni ìgbọ̀nwọ́ mi ṣe ọ́?"

Ó ní, "Màmá Lọ́ńdìrì, ẹ má bínú. Ẹ ò múra ni."

Lásìkò oúnjẹ ọ̀sán kan ni mo wá rí nǹkan míì. Mo lọ mú ọṣẹ ní yàrá tá à ń kó ìgbálẹ̀ sí, mo bá a níbẹ̀, ó jókòó sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì tó dojú dé, oúnjẹ wà lórí itan rẹ̀, ó fi fóònù ti páálí ọṣẹ. Ó ń ka ohun táwọn èèyàn kọ sábẹ́ fọ́tò rẹ̀ jáde, ó sì ń dáhùn pẹ̀lú ẹnu, bí ẹni tó ní àlejò. "Arẹwà." "Ẹ ṣeun o." "Ayaba, ìwọ nìkan ṣoṣo." "Ẹ ṣeun gan-an."

Mo bi í pé, "Àwọn wo nìyẹn?"

"Àwọn ọ̀rẹ́ mi ni, mà."

"Èwo nínú wọn lo lè pè bí ibà bá dá ọ dùbúlẹ̀?"

Ó ro oúnjẹ rẹ̀ síwá sẹ́yìn. "Ẹ̀yin náà ẹ jẹ́ kí n jẹun, mà."

Mo mú ọṣẹ mi, mo lọ. Àánú rẹ̀ ṣe mí lọ́jọ́ náà, ìbínú mi sì dín kù.

Ìyá rẹ̀ ń ránṣọ ní ìlú míì, ibi tó jẹ́ pé téèyàn bá wọkọ̀ láàárọ̀, ilẹ̀ á ti ṣú kó tó débẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ọmọ náà ra fóònù olójú gbọọrọ fún ìyá wọn, ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í rí fọ́tò. Kò ya ìyá lẹ́nu pé yàrá dára, ó mọ̀ pé òtẹ́ẹ̀lì lọmọ òun ti ń ṣiṣẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló bi í: "Ta ló ń yà ọ́?" Láyé tirẹ̀, kò sí bí èèyàn ṣe lè ní fọ́tò láìjẹ́ pé ẹnì kan dúró níwájú rẹ̀, tó ń sọ fún un pé kó má ṣẹ́jú.

Ọmọ dáhùn pé, "Ẹnì kan ni, mà." Ẹ̀fẹ̀ ló fi ṣe. Irọ́ kọ́ náà ni, ẹnì kan ni lóòótọ́.

Èdè wa ò sì tú àṣírí rẹ̀. "Ó" là ń pe ọkùnrin, "ó" là ń pe obìnrin, "ó" náà lèèyàn lè pe ara rẹ̀ tó bá fẹ́ sá pamọ́. Gbogbo ìgbà tí ìyá bá ti pè, á béèrè.

"Ẹni yẹn ńkọ́? Ṣé ara rẹ̀ le?"

"Ara rẹ̀ le, mà."

"Ṣé ó ń jẹun dáadáa?"

"Ó ń gbìyànjú, mà."

"Bá mi kí i o."

"Ó ti gbọ́, mà."

Nígbà tó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi. Mi ò rẹ́rìn-ín mọ́ lọ́jọ́ tó sáré wọ lọ́ńdìrì, tó ní ìyá òun ń bọ̀. Ìyá ní òun fẹ́ bá ẹni yẹn fojú rinjú, pé ẹni tó ń fara balẹ̀ wo ọmọ òun tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí òun wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ bá mi sọ pé ẹ̀yin ni."

"Èmi tó o gé ìgbọ̀nwọ́ mi dànù?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mi ò lẹ́lòmíì tí mo lè bẹ̀, mà."

Kí lèèyàn fẹ́ fèsì sírú ìyẹn? Mo gbà.

Lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ dé, mo lọ sílé ọmọ náà. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ni yàrá rẹ̀ wà, òórùn ọ́ìlì ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Fóòmù kan wà nílẹ̀, ó fi aṣọ tẹ́ ẹ bí a ṣe ń tẹ́ ti òtẹ́ẹ̀lì, ó ká igun rẹ̀ sábẹ́ dáadáa. Abọ́ kan, ṣíbí kan, ife kan. Mo mọ̀ nígbà náà pé kò sẹ́ni tó ń wá síbẹ̀. Ẹnìkan kì í kúkú jẹ́ àwá dé.

Ìyá rẹ̀ jókòó sórí fóòmù, ó ga, ó pẹ́lẹ́ńgẹ́, báàgì wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. A kí ara wa. Mo sọ fún un pé a jọ ń ṣiṣẹ́ ni, mo sì sọ ìdí tí a fi ń pe ọmọ rẹ̀ ní Ẹ-Dúró-Ná, bí gbogbo wa ṣe máa ń dúró fún fọ́tò rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn mi ló ń wò, bíi pé ẹlòmíì ń bọ̀. Mo ti fẹ́ sọ pé èmi ni mò ń yà á.

Ìyá ti ṣí báàgì. Ó fa ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin kan yọ, aláwọ̀ aró, ó gùn, apá rẹ̀ gùn.

Ó ní, "Mo fojú díwọ̀n ẹ̀ ni. Mi ò rí i rí, àmọ́ mo mọ̀ pé ó ga. Nínú gbogbo fọ́tò yẹn, òkè ló ti ń wo ọmọ mi."

Mo wo ṣẹ́ẹ̀tì náà. Èmi tí tábìlì ìlọṣọ fẹ́rẹ̀ẹ́ ga jù.

Ọmọ náà ló mú fóònù. Ó na apá rẹ̀ sókè.

"Màámi, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ọwọ́ mi nìyí."

Ìyá wo ọwọ́, ó wo ojú ọmọ nínú fóònù, ó tún wo ọwọ́. "Ìwọ lò ń ya ara ẹ?"

"Èmi ni, mà."

"Tó o bá wá ń rẹ́rìn-ín báyẹn, ta lò ń rẹ́rìn-ín sí?"

Ọmọ sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Èmi tí mo ti ń pè é ní agbéraga látọjọ́ yìí, mi ò mọ ibi tí màá gbójú sí. Ìyá ká ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó tún tú u, ó wá fi bo ọmọ rẹ̀ léjìká.

Ó ní, "Àárọ̀ àárọ̀ ni mo ń gbàdúrà fún ẹni yẹn. Kò burú. Ara ẹ náà ló bọ́ sí."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá wọn dé ibùdókọ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì náà lọmọ wọ̀, apá rẹ̀ gùn dé orí ìka. Ìyá wọ ọkọ̀, ó jókòó sí ẹ̀bá fèrèsé, dírẹ́bà sì tan ẹ́ńjìnnì ọkọ̀.

Ọmọ ní, "Màámi, ẹ dúró ná."

Ìyá gbọ́. Ó yára tún ìborí rẹ̀ ṣe, ó gbé àgbọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó rẹ́rìn-ín sí wa. Èmi náà ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà, kí ìgbọ̀nwọ́ mi má bàa wọ inú fọ́tò. Ìgbà tí mo wò ó ni mo rí i pé kò mú fóònù lọ́wọ́. Ọwọ́ méjèèjì wà nínú apá ṣẹ́ẹ̀tì gígùn yẹn, ó kàn ń wo ìyá rẹ̀. Ọkọ̀ ti ń lọ, ìyá ṣì ń rẹ́rìn-ín, ó ń dúró kí wọ́n yà á.