Ọjọ́ Tí Mo Kí Àlàájà Láti Òdìkejì Títì

Bí mo tilẹ̀ gbàgbé gbogbo ọjọ́, n kò jẹ́ gbàgbé ọjọ́ tí mo gba awò ojú ní Ìgàndó.

Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ mí sí ọmọ tí kì í kí àgbà. Àlàájà tó ń ta kẹrosíìnì lódìkejì títì máa ń pariwo pé, “Ìyá Ṣadé, ọmọ yín ò lẹ́kọ̀ọ́ o!” Ojú á ti ìyá mi, á sì nà mí.

Lọ́jọ́ náà, ẹgbẹ́ kan tó ń ran ọmọ tálákà lọ́wọ́ wá yẹ ojú wa wò nílé ẹ̀kọ́. Wọ́n sọ fún ìyá mi pé n kò ríran jìnnà, wọ́n sì fún mi ní awò lọ́fẹ̀ẹ́.

Bí a ṣe ń lọ sílé, mo rí Àlàájà lọ́ọ̀ọ́kán, tó ń rọ kẹrosíìnì. Mo kúnlẹ̀ sórí yanrìn. “Ẹ káàsán mà!”

Àlàájà dọwọ́ bo ẹnu. “Háà! Àṣé ojú ni!”

Ìyá mi fi ìborùn bojú, ó ní, “Má wò mí, jàre.”

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Mo ti rí ẹkún rẹ̀ kedere.