Ohùn Inú Rédíò Ìyá Mi

Mo pe oríkì ìyá mi sínú rédíò wọn, n kò sì sọ fún wọn pé èmi ni. Ìwà òmùgọ̀ tí mo hù nìyẹn ní Sátidé kan ní Agbowó. Mo ti lé ní ogójì ọdún nígbà náà, mo ti bímọ mẹ́rin, kò sẹ́ni tó lè bá mi pè é ní ìwà ọmọdé.

Iṣẹ́ pákó ni mo ń ṣe ní Bódìjà. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ẹgba ló sì tì mí dé ìkẹfà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó máa ń mú ọwọ́ mi yún: rédíò tó ti kú. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí mo fọ eruku pákó kúrò lára, màá jókòó ti tábìlì, màá tú ọ̀kan palẹ̀, màá máa wo inú rẹ̀ bí ẹni ń wo ìlú tí kò dé rí. Ìyàwó mi ní àwọn ẹlòmíràn ní pálọ̀, mọ́ṣúárì rédíò ni tiwa. Bátìrì nìkan ni mo sì ń lò. Iná ìjọba ti gbá mi lẹ́ẹ̀kan, ó gbé mi jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Láti ọjọ́ náà, kí n tó tan gílóòbù lásán, màá kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ mi bóyá bàtà rọ́bà ló wà níbẹ̀.

Ìyá mi ń gbé pẹ̀lú wa. Etí wọn ti ń wúwo láti bí ọdún mẹ́rin, ó sì ti wá burú débi pé ariwo nìkan ni wọ́n ń gbọ́, wọn kì í gbọ́ ọ̀rọ̀. A ó máa tàkúrọ̀sọ, Ìyá á máa wo ẹnu wa láti ẹnì kan sí èkejì. Tí a bá rẹ́rìn-ín, àwọn náà á rẹ́rìn-ín, á wá ku àwọn nìkan tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín lọ nígbà tí gbogbo wa ti dákẹ́. Ó máa ń dùn mí. Rédíò kékeré kan nìkan ló ń bá wọn sọ̀rọ̀ tó ń yé wọn, torí ó ní okùn tí à ń kì bọ etí, wọ́n sì máa ń yí i sókè dé òpin.

Ohun tí mo rò kò ju èyí lọ: bó bá jẹ́ rédíò nìkan ni Ìyá ń gbọ́, kí èmi náà wọ inú rédíò.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe ní Dùgbẹ̀. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ya àwòrán kan sẹ́yìn páálí sìgá, ó kó àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ tí kò kún àtẹ́lẹwọ́ fún mi, ó ní tí mo bá tò wọ́n bó ṣe yà á, ohun tí mo bá sọ síbẹ̀, rédíò tó bá wà nítòsí á gbé e. Mo bi í pé ṣé ìjọba ò ní bínú? Ìgbà sójà ni, àwọn èèyàn sì ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé ìjọba ń wá àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ láìgbàṣẹ. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní ohùn mi ò ní kọjá ilé kejì, àti pé sójà tó bá rí mi, ojú àánú ló máa fi wò mí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Mo yí wáyà bàbà mọ́ ara bíírò kó lè ká dáadáa, mo yọ́ òjé, mo fi jó ara mi níka, mo tú u, mo tún un tò. Níkẹyìn gbogbo rẹ̀ wọ inú ike ọṣẹ kan, tòun ti bátìrì. Ní Sátidé tí mò ń wí yìí, nígbà tí Ìyá lọ kírun ọ̀sán, mo sáré yí rédíò wọn sí ojú ibi tí ẹ̀rọ mi ń sọ̀rọ̀. Wọ́n padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ki okùn bọ etí, èmi sì ti wà lẹ́yìn fèrèsé.

Kí ni màá sọ? “Ìyá” kò tó; ẹnikẹ́ni lè sọ “ìyá” nínú rédíò. Mo pe oríkì wọn, bí bàbá mi ṣe máa ń pè é kí wọ́n tó kú. Ara Ìyá le gbagidi. Wọ́n gbọ́. Irun orí mi dìde. Ohùn mi fi ẹnu mi sílẹ̀, kò gba wáyà, kò gba ẹnu ọ̀nà, ó lọ wọ etí tí mi ò lè wọ̀ láti ọdún mẹ́rin. Ayọ̀ pa mí bí ọtí. Mo tún un pè. Mo pè é lẹ́ẹ̀kẹta.

Ẹni tó bá lọ́pọlọ ti mọ ohun tí mo ṣe. Tí ohùn bá pe èèyàn, tí kò rí ẹni tó pè é, kì í dáhùn. Gbogbo ayé ló sì ti ń sọ ọ́ láti ìgbà tí mo ti bàlágà pé ohùn bàbá mi ni mo gbé wá.

Kí n tó yí ilé po dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ìyá ti wà ní yàrá, wọ́n ti ṣí àpótí, wọ́n ń kó aṣọ fún ìyàwó mi. Wọ́n ní bàbá wa pe àwọn lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn ò dáhùn, ṣùgbọ́n kò yẹ kí àwọn máa ṣe agídí sí ọkọ àwọn. Wọ́n ní ká gbé àwọn lọ sílé ní Moniya lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kí àwọn ti ibẹ̀ lọ, ká má baà máa gbé òkú wọ mọ́tò.

Akin ọkùnrin ni mí: ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo lọ ri ike ọṣẹ náà mọ́ inú garawa gàrí. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, Ìyá ò tíì fẹnu kan oúnjẹ. Wọ́n ti da rédíò dojú bolẹ̀. Mo lọ jẹ́wọ́ fún ìyàwó mi nílé ìdáná. Kò pariwo, ó kàn rọra gbé ọmọrogùn sílẹ̀, èyí sì bà mí lẹ́rù ju ariwo lọ.

“Ẹ lọ sọ fún wọn.”

Mo ní báwo? Kí n tó pariwo tó èyí tí Ìyá máa gbọ́, gbogbo Agbowó á ti gbọ́ pé mo ní ẹ̀rọ, títí kan sójà.

“Bàbá àwọn ọmọ, ohùn tó pè wọ́n, òun náà ni kó lọ sọ fún wọn.”

Mo yọ ike ọṣẹ náà kúrò nínú gàrí, òun sì mú rédíò lọ bá Ìyá. Ìyá ta ọwọ́ rẹ̀ dànù. Ìyàwó mi bá ki okùn bọ etí ara rẹ̀, ó ní kí n sọ nǹkan, mo sọ ọ́, ó sì rẹ́rìn-ín. Ìyá wò ó títí kí wọ́n tó gbà á. Mo jókòó sílẹ̀ níwájú wọn, mo gbé ike ọṣẹ náà sún mọ́ ẹnu.

“Ìyá, èmi ni.”

Wọ́n wo rédíò. Wọ́n wo ẹnu mi. Mo tún un sọ. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bò mí lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ dá dúró létí wọn. Wọ́n gbé ọwọ́ kúrò, ọ̀rọ̀ padà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ṣe é, ojú wọn sì ń là díẹ̀díẹ̀ bí ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò. Èmi tí mo fọwọ́ ara mi tò ó, tí mo mọ gbogbo wáyà ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, omi ń bọ́ lójú mi, torí n kò mọ bó ṣe ń ṣe é. Títí dòní, n kò mọ̀ ọ́n.

Mo dọ̀bálẹ̀, ike ọṣẹ lẹ́bàá ẹnu, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: oríkì, fèrèsé, gàrí. Mo ní màá fọ́ ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí ohun tí mo ṣe sí wọn, àti, kí n má purọ́, nítorí àwọn sójà.

Ìyá yọ okùn kúrò létí. Wọ́n ní kí ìyàwó mi kó aṣọ àwọn padà sínú àpótí, kó sì bu oúnjẹ wá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n ń ké tantan bí ẹni tí kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀:

“Má fọ́ ọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ka ìròyìn pàápàá máa ń sọ orúkọ ara wọn. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ nínú rédíò mi, kó kọ́kọ́ sọ ẹni tóun ń ṣe.”