Ìyá Tí Wọ́n Ń Kí Nínú Ilé Tí Mo Fẹ́ Tà

Olùkọ́ kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí Ìsẹ́yìn láti Ṣakí ni ẹni àkọ́kọ́ tó kí ìyá náà níṣojú mi. Mo ṣílẹ̀kùn ilé fún un, mo sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wọlé. Kò tíì rìn jìnnà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó fi dúró, tó bẹ̀rẹ̀, tó fọwọ́ kan ilẹ̀.

"Ẹ kú ilé, mà," ó ní.

Mo rò pé àṣà rẹ̀ ni. Àwọn kan wà tí wọn kì í wọ ilé láì kí ilé. Ṣùgbọ́n nígbà tó jáde, kò béèrè omi, kò béèrè iná, bẹ́ẹ̀ ohun tí gbogbo ayálégbé máa ń kọ́kọ́ béèrè nìyẹn. Ohun tó bi mí ni pé, "Ṣé ìyá yẹn ò ní kọ́kọ́ kó jáde ni?"

"Ìyá wo, sà?"

"Ìyá tó jókòó sí ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ń bó ẹ̀gúsí."

Mo wọlé lọ wò ó. Sìmẹ́ńtì gbígbẹ ni mo rí, àti oòrùn ọ̀sán tó gba ojú fèrèsé wọlé. Kò sí àpótí ìjókòó, kò sí igbá, kò sí èèpo ẹ̀gúsí kan ṣoṣo nílẹ̀. Nígbà tí mo fi máa jáde, ọkùnrin náà ti gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ ejẹ́ǹtì ni mò ń ṣe. Èmi ni mo máa ń mú ẹni tó ń wá ilé lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ilé, bóyá láti yá a tàbí láti rà á. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, aṣọ òkè tí ọkọ mi ń hun ni mò ń bá a tà. Bàbá Lárìndé, tó ti ń ṣe ejẹ́ǹtì kí wọ́n tó da ọ̀dà sí títì àdúgbò wa, ló kọ́ mi níṣẹ́. Wọ́n ní, "Ṣí fèrèsé kí oníbàárà tó dé. Jẹ́ kó ṣáájú rẹ wọlé. Má sọ̀rọ̀ jù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí o máa wò. Ibi tó bá ti dúró pẹ́, ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ wà." Nítorí ẹ̀kọ́ yìí, ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń dúró sí. Èmi kọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ rìn nínú ilé.

Àwọn ènìyàn máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tó ń wá ilé fún gbogbo ìlú, yàrá méjì tí òrùlé rẹ̀ ń jò lòun fúnra rẹ̀ ń gbé pẹ̀lú ọkọ àti ọmọ mẹ́ta. Òótọ́ ni. Láti ìgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ìwé gíga ti dé sí ìlú wa ni owó ilé ti ń gbéra lọ́dọọdún. Lọ́sàn-án, èmi ni mo máa ń fẹnu mi sọ owó tuntun fún àwọn ènìyàn, tí wọ́n á máa ṣépè fún mi lábẹ́lẹ̀. Bí mo bá délé, onílé tèmi á wá sọ tèmi fún mi. Ọkọ mi àti èmi ń dá owó sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Owó àsansílẹ̀ là ń wá, èyí tí a máa fi bẹ̀rẹ̀ ilé tiwa kí a tó máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ gbogbo ìgbà tí owó náà bá ti fẹ́ tó, owó ilé á tún wọ́n sí i, a ó sì tún kù díẹ̀ káàtó.

Ilé tí mò ń sọ yìí wà lójú ọ̀nà Òkèhò, ibi tí àwọn ilé ti ń tán lọ tí pápá sì bẹ̀rẹ̀. Ilé tó dáa ni, páálọ̀ kan àti yàrá mẹ́rin. Alhaji kan tó ń gbé ní Àbújá ló ni ín, orí fóònù la sì ti máa ń sọ̀rọ̀. Nílé wa, Alhaji Àbújá la máa ń pè é. Ó ní kí n ta ilé náà, tí n ò bá sì rí ẹni rà á, kí n fi ayálégbé sí i.

Lẹ́yìn olùkọ́ náà, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin méjì ni mo mú lọ. Àwọn méjèèjì kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, bí ẹni pé ẹnì kan ló fà wọ́n lọ́wọ́ wálẹ̀. Mo gbọ́ tí ọ̀kan wí pé, "Láti Ìgbòho ni, mà." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n wà láàyè." Èmi kò gbọ́ ohùn ẹlòmíràn.

Nígbà tí wọ́n jáde, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. "Mama yẹn mà dáa o," ni ọ̀kan wí. "Ṣùgbọ́n a ò lè bá àgbàlagbà gbé. Ariwo tiwa á ti pọ̀ jù fún wọn."

Mo lọ sọ́dọ̀ Bàbá Lárìndé, mo rò fún wọn. Mo rò pé wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ ńkọ́?" wọ́n bi mí. "Ṣé ìwọ ti kí wọn?"

"Ta ni kí n kí, sà? Mi ò rí ẹnikẹ́ni."

"Ọwọ́ rẹ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ìwọ lo fẹ́ ta ilé. Bóyá ìdí tí o ò fi rí wọn nìyẹn."

Ẹni tó tẹ̀lé wọn jẹ́ oníṣòwò sìmẹ́ńtì, ọkùnrin tó sanra, tó fẹ́ rà á pátápátá. Ó wọlé, ó dúró, ó sì padà jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Inú mọ́tò rẹ̀ ló ti bá mi sọ̀rọ̀. "Ìyá Àmínà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí sí irú ọjà báyìí mọ́. Èmi náà ní ìyá nílé."

Ọ̀rọ̀ yẹn tàn kálẹ̀. Láàárín àwa ejẹ́ǹtì, bí ilé kan bá pẹ́ tí kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ, a máa ń sọ pé ilé náà ti sùn. Ilé ọ̀nà Òkèhò sùn. Nígbà tí ó yá, Alhaji pè mí, ó ní kí n já owó rẹ̀ wálẹ̀, pé ẹni tó bá lè san díẹ̀ sílẹ̀, òun á gbà kó máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀. Owó tó dárúkọ gẹ́lẹ́ ni ohun tí a ní nínú alájẹṣẹ́kù lè ká.

Mo sọ fún Bàbá Àmínà, ọkọ mi. Ó dáwọ́ òfì rẹ̀ dúró.

"O ò rí wọn rí?"

"Mi ò rí wọn rí."

"Ẹ̀rù wọn ń bà ọ́?"

"Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé gbogbo ènìyàn ló ń rí wọn àfi èmi."

A lọ síbẹ̀ lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Oòrùn mú, kò sí atẹ́gùn, ẹyẹ kankan kò sì ké nínú pápá tó wà lẹ́yìn ilé. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ mi, ọkọ mi wọlé. Mo gbọ́ tí ó kí ìyá náà. Mo gbọ́ tí ó jókòó sílẹ̀.

"Ọmọ ìlú yìí ni mí, mà," ó ní. Ó dákẹ́. "Òfì ni mo ń hun." Ó tún dákẹ́. "Mẹ́ta, mà. Obìnrin ni àgbà wọn." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìdákẹ́jẹ́ náà wá gùn, ó gùn débi pé mo di férémù ilẹ̀kùn mú. Ohùn tó fi sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ti rẹlẹ̀. "Mi ò mọ̀, mà. Ẹ jẹ́ kí n bi ìyàwó mi."

Ó jáde, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, kò wo ojú mi.

"Ìyá náà ní kí n bi ọ́," ó ní, "ṣé Ràfíù ta òun mọ́ ilé ni?"

Ràfíù ni orúkọ Alhaji. Ó wà lórí ìwé ilé tó wà lọ́dọ̀ mi, ṣùgbọ́n mi ò dárúkọ náà rí fún ọkọ mi.

Ibẹ̀ ni mo ti pe Alhaji. Mo rò gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí olùkọ́ títí dórí ìbéèrè náà.

"Ẹ̀gúsí ni wọ́n ń bó?" ó bi mí.

"Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn wí, sà."

Ọkùnrin náà bú sẹ́kún. Ìyá rẹ̀ ló ń gbé inú ilé náà tẹ́lẹ̀. Ojú ń dùn wọ́n, ó wá mú wọn lọ sí Àbújá fún ìtọ́jú. Ọjọ́ tó wá mú wọn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Wọ́n ní kó jẹ́ kí àwọn bó o tán. Ó ní kí wọ́n fi sílẹ̀, pé àwọn ò ní pẹ́ dé. Ní Àbújá, ojúmọ́ kan kì í mọ́ kí wọ́n má béèrè ìgbà tí àwọn máa padà sílé. Ibẹ̀ ni wọ́n kú sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì sin wọ́n sí lọ́jọ́ náà, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa ti wí. Láti ìgbà náà, Alhaji kò wọ ilé náà mọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà tó fi wá láti Àbújá. Agbádá funfun ló wọ̀. Ó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì tó kún fún eruku.

"Ìyá mi, ẹ dákun. Ó yẹ kí n ti wá sọ fún yín. Ilé ń bàjẹ́, kò sẹ́ni tó ń dáná nínú rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ rà á ló dúró yìí. Wọ́n lọ́mọ. Mi ò tà yín, mà."

Ó gbójú sókè. Ojú rẹ̀ ń wá kiri lára ògiri. "Níbo ni wọ́n wà?" ó bi wá. "Mi ò rí wọn."

Èmi náà kò rí wọn. Mo wo ọkọ mi, tó fọwọ́ ti ògiri.

"Wọ́n ní kí ẹ dìde," Bàbá Àmínà wí, "pé aṣọ yín funfun."

Alhaji sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó sì dìde. Nígbà tí a délé, mo bi ọkọ mi bóyá lóòótọ́ ni ìyá náà sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n má bi òun. Mi ò tún bi í mọ́.

A san owó àsansílẹ̀, a kó wọlé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, mi ò lè dá gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà kọjá. Àmínà ni mo máa ń ní kó tẹ̀lé mi, màá sì máa díbọ́n pé ẹrù ló ń bá mi gbé. Ṣùgbọ́n àlejò tó bá wá kí wa, àwa nìkan ló ń kí. Ọkọ mi pàápàá ní òun kò rí wọn mọ́ láti ọjọ́ tí Alhaji wá. Ó dùn mí díẹ̀, ẹ má bi mí ìdí. Lẹ́nu iṣẹ́, mo ti yí ẹ̀kọ́ Bàbá Lárìndé padà. Èmi ni mo ń kọ́kọ́ wọlé báyìí. Kí n tó ṣí fèrèsé, màá kúnlẹ̀, màá sọ orúkọ mi àti ohun tí mo bá wá. Àwọn ejẹ́ǹtì ẹgbẹ́ mi ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹnikẹ́ni kò tíì dá mi lóhùn, àmọ́ mo fi ń kọ́ àwọn obìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi.

Nígbà òjò tó kọjá yìí, Alhaji tún wá. Ó ní òun ò fẹ́ da wa láàmú, pé tí a bá gbà, òun kàn fẹ́ jókòó díẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. A fi í sílẹ̀, a jáde lọ sí abẹ́ àtíbàbà tí Bàbá Àmínà ta òfì rẹ̀ sí. Mo ń ká òwú, ọkọ mi ń hunṣọ. Láti ibẹ̀ a ń gbọ́ ohùn Alhaji. Ó ń sọ nípa ọ̀nà, nípa àwọn ọmọ rẹ̀, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́, bí ènìyàn ṣe ń dákẹ́ kí ẹlòmíràn lè sọ tirẹ̀.

"Rárá, mà," ó ní. "Mi ò tíì jẹun."

Ọwọ́ ọkọ mi dúró lórí òfì. Mo dìde, mo lọ gbé ìkòkò kaná.