Jẹ́jẹ́ àti Tábìlì Ẹlẹ́ni Mẹ́fà

Wọ́n ní àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kì í gba ẹnikẹ́ni mọ́, pé ọgbọ́n orí àwọn tó ń wáṣẹ́ ni wọ́n ń kó jọ lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n á sì ní kí wọ́n máa lọ sílé. Aránṣọ wa ló sọ fún mi. Irọ́ tirẹ̀ kì í ju ìdajì lọ, nítorí náà mo gba ìdajì tó kù gbọ́.

Ọmọ mi kejì lọ̀rọ̀ náà kàn. Jẹ́jẹ́ là ń pè é nílé. Òun ló ń ṣètò ọkọ̀ akẹ́rù ní ilé iṣẹ́ ọ̀dà kan kí wọ́n tó kógbá sílé. Ìyàwó rẹ̀ ti gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá tirẹ̀, ó ní ọjọ́ tó bá ríṣẹ́ ni kó wá mú àwọn. Jẹ́jẹ́ wá padà sí yàrá tó ti ń sùn nígbà tó wà nílé ìwé, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń yọ síta lórí bẹ́ẹ̀dì.

Kì í ṣe ìdánwò oníwèé ló ń gbé e ṣubú. Wọ́n á kó ènìyàn mẹ́fà yí tábìlì kan ká, wọ́n á fún wọn ní ìtàn ilé iṣẹ́ tó wà nínú wàhálà: ọjà ń pẹ́ dé, oníbàárà ń sá lọ, ẹ jọ jíròrò, kí ni ṣíṣe? Àwọn tó ń yẹ̀ wọ́n wò á jókòó ti ògiri, wọ́n á máa kọ̀wé. Nígbà tó lọ kẹ́yìn, bàbá onírun funfun kan wà láàárín àwọn mẹ́fà náà. Jẹ́jẹ́ ní, "Ẹ máa wí, sà," ó bá dákẹ́. Bàbá sọ̀rọ̀ títí àkókò fi tán. Wọ́n gba bàbá. Wọ́n ránṣẹ́ sí Jẹ́jẹ́ pé kò ní ẹ̀mí aṣáájú.

Ilé iṣẹ́ mìíràn wá pè é fún irú ìjíròrò bẹ́ẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ náà, mo ti gbààwẹ̀ lórí rẹ̀, ó ku ká fi ṣe ìdánrawò nílé. Mo jókòó sídìí tábìlì ìjẹun, mo ní èmi ni àgbà ibẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wí tẹnu mi nípa ọkọ̀ àti ọjà. Jẹ́jẹ́ ń mi orí.

"Já a gbà mọ́ mi lẹ́nu."

"Ẹ ò tíì parí, mà."

"Mi ò ní parí. Ṣé àwọn tó ń gbowó oṣù ń parí ọ̀rọ̀ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. A tún un ṣe.

"Ẹ má bínú, mà, tó bá tẹ́ yín lọ́rùn, mo ní ohun kékeré kan tí mo fẹ́ fi kún un..."

"Kí o tó bẹ̀bẹ̀ tán, wọ́n ti gba ẹlòmíì."

Ó gbé ìwé tó ń kọ ọ̀rọ̀ sí sílẹ̀. "Màámi, ta ló fa etí mi nígbà tí mo dá sọ́rọ̀ bàbá wa pẹ̀lú àlejò?"

"Èmi ni. Ẹ̀kọ́ ilé ni, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀."

"Ẹ má kábàámọ̀. Ẹ kàn má ní kí n bọ́ ọ sẹ́nu ọ̀nà bíi bàtà."

"Wákàtí kan péré ni. Tí o bá jáde, o lè wọ̀ ọ́ padà."

"Wọn ò ní gbà mí, mà. Ìyàwó mi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé o fẹ́ kí ọmọ rẹ máa pe ilé ìyá àgbà rẹ̀ nílé ni?"

Ó dìde, ó wá bàtà rẹ̀. Mo ní kó jókòó, mo ní Ọlọ́run ò sùn, mo ní tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá ti mí báyìí, kó ki ẹnu bọ̀ ọ́, pé kò sẹ́ni tí yóò pè é ní aláìlẹ́kọ̀ọ́, pé ìyàwó rẹ̀... Ó ti ṣílẹ̀kùn, ó ti jáde, ọ̀rọ̀ ṣì wà lẹ́nu mi.