Awọ Ẹṣin Méjì Tí Odinel Gbé Lọ sí York

Odinel, olùṣọ́ odi Hesselby ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe ọlọ́rọ̀, kì í sì í ṣe akọni tí à ń kọrin kì. Nígbà tí àwọn ará Scotland dó ti odi náà nígbà òtútù, tí owó ọba kò sì dé, ó fi oko báálì tí ìyàwó rẹ̀, Gunnora, jogún dógò lọ́dọ̀ àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́, àwọn ọkùnrin tó jẹ́jẹ̀ẹ́ láti máa sin Ọlọ́run láìgbéyàwó, ní ilé Ọlọ́run tó wà létí odò. Owó tó yá ló fi san owó iṣẹ́ àwọn tafàtafà, òun náà ló fi ra ọ̀dà, iyọ̀, èédú àti irin ọfà. Odi kò ṣubú. Ṣùgbọ́n bí gbèsè náà kò bá tán kí ọdún Máíkẹ́lì Mímọ́ ní òpin oṣù Kẹsàn-án tó dé, oko di ti àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ títí láé.

Gunnora kò bá a jà. Ó ń di búrẹ́dì àti wàràkàṣì fún un láti lọ gba owó náà padà ní York, níbi tí àwọn olùṣírò owó ọba wà nígbà náà.

"Baba Sabina, oko bàbá mi lẹ fi gba odi ọba là. Ẹ má padà wá sọ fún mi pé ọba dúpẹ́ o."

"Bó bá dúpẹ́ ńkọ́?"

"Kí ó fi owó dúpẹ́."

Akọ̀wé tó gbọ́ ẹjọ́ Odinel ní York ń jẹ́ Thurstan, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ojú rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín. Ó gba owó tafàtafà wọlé, ó gba ọ̀dà, ó gba irin. Ó wá kan ẹṣin ogun méjì, àwọn ló sì wọ́n ju gbogbo ìyókù lọ. Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀ ni àwọn aṣojú ọba ti ń díyelé ẹṣin, tí wọ́n sì ń fi irin gbígbóná sàmì sí i lára. Bí ẹṣin bá kú, ẹni tó ni ín yóò mú awọ tó ní àmì náà wá, ọba yóò sì san iye rẹ̀ fún un. Odinel tú àpò rẹ̀. Awọ méjèèjì ti jóná létí, nítorí orí òrùlé ẹnubodè ni wọ́n kàn wọ́n mọ́ kí iná tí àwọn ọ̀tá ń jù má baà mú òrùlé náà.

Thurstan fọwọ́ bo imú. "Ọfà ló pa wọ́n?"

Odinel ti búra lórí Ìwé Mímọ́. "Rárá o, ọ̀gá akọ̀wé. Ebi ni."

"Ebi pa ẹṣin?"

"Ebi pa àwa. Àwa la pa ẹṣin."

Ẹ̀rín ta láàárín àwọn akọ̀wé. Ọ̀kan ní, "Olùṣọ́, ó dùn?"

"Èyí dúdú le bíi bàtà. Ti funfun sàn díẹ̀."

Thurstan kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ ti kọ owó oúnjẹ àwọn ọmọ ogun sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ òtútù dé òpin rẹ̀. Ṣé kí ọba san owó ẹṣin, kí ó tún san owó oúnjẹ tí í ṣe ẹṣin náà?"

Bí wọ́n ti ń kọ owó oúnjẹ nínú odi láti ìgbà àwọn bàbá ni Odinel náà ṣe kọ ọ́, lójoojúmọ́, ìbáà jẹ́ pé ọkà wà tàbí kò sí. Ó ronú, ó ní, "Ẹ yọ owó oúnjẹ kúrò láti ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ wọ́n. Kí ẹ fi owó ẹṣin sílẹ̀ fún mi."

"Ta ló mọ ọjọ́ náà?"

"Gbogbo wa. Ààwẹ̀ Lẹ́ńtì ni, ọjọ́ Ẹtì sì ni, ọjọ́ tí ẹran jẹ́ èèwọ̀ pátápátá. Gbogbo wa la kúnlẹ̀ kí àlùfáà tó yọ̀ǹda fún wa. Òun fúnra rẹ̀ ló gba ẹ̀dọ̀."

Wọ́n ní ìgbà yẹn ni Thurstan rẹ́rìn-ín. "Kò sí Kristẹni tí yóò fi irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀ purọ́ mọ́ ara rẹ̀. Mo gbà á."

Síbẹ̀, kì í ṣe owó ni wọ́n kó lé e lọ́wọ́. Igi ni: wọ́n gé iye owó náà sí i lára, wọ́n là á sí méjì, wọ́n fi apá kan pamọ́, wọ́n sì fún un ní èkejì, kí a lè fi méjèèjì wéra lọ́jọ́ tí a bá san owó náà. Kí ó mú un tọ agbowó-ibodè tó ń gba owó ibodè lórí irun àgùntàn ní Newcastle lọ, kí ìyẹn san owó fún un. Odinel sì mọ àwọn tí irú igi bẹ́ẹ̀ ti gbó sí lọ́wọ́ níwájú ilẹ̀kùn ọ̀gbẹ́ni náà.

Kò lọ sí Newcastle. Ọ̀dọ̀ Bàbá Serlo, ajẹ́jẹ̀ẹ́ tó ń mójú tó irun àgùntàn ilé Ọlọ́run, ló yà sí.

"Olùṣọ́, gbèsè lẹ jẹ wá. Ṣé igi ìdáná lẹ fẹ́ fi san án?"

"Bàbá, ẹ ò ní kó irun àgùntàn yín sínú ọkọ̀ láìsan owó ibodè. Agbowó lè lé èmi kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ san owó fún un, tí ẹ fi igi ọba san án, báwo ló ṣe fẹ́ kọ̀ ọ́?"

Serlo yí igi náà síwá, ó yí i sẹ́yìn. "A ó gbà á. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n gé sí i lára kọ́ ni a ó gbà á sí. Ẹ fi pápá koríko tó wà létí odò nínú oko náà sílẹ̀ fún wa, kí oko tó kù padà sọ́dọ̀ yín."

Odinel gbà, ọjọ́ ọdún sì kù fẹ́ẹ́fẹ́.

Nígbà tí Gunnora gbọ́, ó ní, "Ibẹ̀ ni màlúù wa ti ń jẹ."

"Mo mọ̀, ìyá Sabina."

Gunnora mú àáké àti èèkàn, ó ní òun fúnra òun ni yóò kan èèkàn sí ààlà pápá náà. Serlo ti dúró sínú oko, ó nawọ́ sí ibi tó fẹ́ kí ààlà wà.

"Bàbá," ni Gunnora wí, ó sì gbé èèkàn náà kalẹ̀ níwájú bàtà rẹ̀ gan-an, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn. Orí ilẹ̀ báálì mi lẹ dúró sí."

Ajẹ́jẹ̀ẹ́ náà sún sẹ́yìn.