Ìyá Fẹ́rẹ̀ẹ́ àti Réèkì Rẹ̀

Àwọn tó ń gba Òrè kọjá lọ sí Benin rò pé àwọn mọ Òrè. Wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n á jẹ iyán, wọ́n á ra búrẹ́dì, ó parí. Bí o bá sọ fún wọn pé àwọn ènìyàn ń gbá gọ́ọ̀fù ní ọ̀nà Odigbó, wọ́n á fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rín in lọ. Pápá náà wà níbẹ̀, láàárín oko ọ̀pẹ ńlá kan, ihò mẹ́sàn-án gbáko, obìnrin tó sì mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ ni Olúrónkẹ́ Akínṣọlá, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Fẹ́rẹ̀ẹ́.

Ajue ni wọ́n bí i sí, nínú oko ẹ̀gẹ́ àti kòkó. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí wọ́n gbà á síṣẹ́ ní pápá náà, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni buráùn. Ní pápá àwọn olówó Èkó, koríko múlọ́múlọ́ ni wọ́n ń gbìn yí ihò ká. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Iyanrìn ni a da ọ́ìlì sí, tí a tẹ̀ títí ó fi dúdú tó sì dì, òun là ń pè ní buráùn. Ẹsẹ̀ ènìyàn a máa ba ojú rẹ̀ jẹ́. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó rọra ti bọ́ọ̀lù sínú ihò, ẹnìkan gbọ́dọ̀ fi réèkì tẹ́ ọ̀nà fún un, láti ibi tí bọ́ọ̀lù wà títí dé ẹnu ihò. Réèkì yìí kò léyín. Pákó pẹlẹbẹ kan ni wọ́n kàn mọ́ orí igi gígùn. Láràárọ̀ ni Olúrónkẹ́ ń fi tirẹ̀ tẹ́ buráùn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán kí oòrùn tó mú.

Bọ́ọ̀lù tó bá sọnù sí ìdí ọ̀pẹ, òun ló máa ń rí i. Ẹnjiníà kan tó fẹ̀yìn tì fi ọ̀pá gọ́ọ̀fù mẹ́rin tó ti gbó sílẹ̀ fún un nígbà tó ń lọ. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bó bá ti tẹ́ buráùn tán, kí àwọn ọ̀gá tó dé, á gbá tirẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tó ń wò ó, obìnrin yìí ń gbá gọ́ọ̀fù bí ẹni tí wọ́n bí mọ́ ọn.

Ojú ènìyàn ni wàhálà rẹ̀. Jẹ́ kí ẹni méjì péré dúró wò ó, ọwọ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Lọ́dún tó kọjá, níbi ìdíje àwọn obìnrin, bọ́ọ̀lù rẹ̀ wà ní ẹsẹ̀ bàtà méjì péré sí ihò kẹsàn-án. Ìyá àgbàlagbà tó ń lo ọ̀pá ìtilẹ̀ lè tì í wọlé. Olúrónkẹ́ gbá a, ó gba ẹ̀gbẹ́ ihò kọjá. Ọ̀gbẹ́ni Láoyè, alága ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù wa, bú sẹ́rìn-ín, ó kígbe pé, "Fẹ́rẹ̀ẹ́!" Orúkọ di orúkọ. Olúrónkẹ́ bá wọn rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n nígbà tó délé, ó sunkún títí ọbẹ̀ fi jóná lórí iná. Ó dùn ún gan-an.

Lọ́dún yìí, ẹgbẹ́ ní àwọn fẹ́ gba olùkọ́ tí yóò máa kọ́ àwọn obìnrin agbègbè wa ní gọ́ọ̀fù. Olúrónkẹ́ wẹ̀, ó wọ aṣọ tó dáa, ó lọ bá Láoyè ní ọ́fíìsì.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Iṣẹ́ olùkọ́ yẹn, èmi náà fẹ́ ẹ."

Láoyè kì í ṣe ènìyàn burúkú, ẹnu rẹ̀ ló mú ju abẹ lọ. Ó tẹ́jú mọ́ ọn. "Ìyá Fẹ́rẹ̀ẹ́, mo mọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n gbá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kí ló fẹ́ kọ́ ẹlòmíì? Ọmọbìnrin kan ń bọ̀ láti Èkó, Ṣàkírát ni orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ yìí ló kọ́. Ó dáa, lọ́jọ́ Sátidé, ẹ̀yin méjèèjì á gbá ihò mẹ́sàn-án níṣojú gbogbo ẹgbẹ́. Ẹni tí iye ìgbà tó gbá bọ́ọ̀lù bá kéré jù ni olùkọ́. Bí ẹ bá pàdánù, ẹ padà sídìí réèkì yín, kí ẹ má sì bi mí mọ́."

"Mo gbọ́, sà," ni Olúrónkẹ́ wí. Nígbà tó jáde, ó gba ilé lọ tààrà.

Ọkọ rẹ̀, Ọlọ́rundáre, tó ń gun ọ̀kadà ní ìkóríta Òrè, sọ fún un pé, "Ìyá Tóbi, nó ṣékìn! Ta ló mọ pápá yẹn jù ọ́ lọ?" Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọkọ ẹni kì í wọni létí bí ọ̀rọ̀ ará ìta. Aládùúrà paraku ni Olúrónkẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, ó di ọ̀pá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú aṣọ funfun, ó gbé wọn lọ sí ilé àdúrà wọn ní Omifúnfun. Wòlíì Eli gbàdúrà sí wọn, ó kán òróró sí orí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan péré, ó ní, "Wọn kò ní já ọ kulẹ̀." Ó sì fún un ní ìyókù inú ìgò náà pé kó máa fi para.

Ibí yìí ni aládùúrà tiwa ti ṣe àṣìṣe tí ẹni tí kì í ṣe aládùúrà kò lè ṣe. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé bí ẹ̀kán kan bá lágbára tó báyìí, ìgò kan ńkọ́? Nígbà tó délé, ó da òróró náà sí ìdí ọ̀pá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, níbi tí ọwọ́ ti ń dì wọ́n mú, ó fi ra wọ́n dáadáa, ó sì tún wọn dì sínú aṣọ di ọjọ́ kejì. Rọ́bà ìdí ọ̀pá mu òróró yó.

Ọjọ́ Sátidé pé. Gbogbo ẹgbẹ́ ti dúró sí ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́. Ṣàkírát dé, ọmọbìnrin arẹwà tó mọ ara í tún ṣe, ó kúnlẹ̀ kí Olúrónkẹ́, "Ẹ káàárọ̀, mà." Ó gbá tirẹ̀, bọ́ọ̀lù lọ tààrà bí ẹni pé wọ́n rán an níṣẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ó kan Olúrónkẹ́. Ó gbé ọ̀pá sókè pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, ó sì fì í wálẹ̀. Bọ́ọ̀lù rìn bí ogún ìṣísẹ̀. Ọ̀pá ló lọ jìnnà. Ó yọ̀ bọ́rọ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó fò kọjá orí Láoyè, ó lọ balẹ̀ sí ìdí ọ̀pẹ.

"Ó le kú, ìjà Òrè!" ni ẹnìkan pariwo láti ẹ̀yìn. Ẹ̀rín sọ. Kódà àwọn tó ń gé koríko, ọ̀rẹ́ Olúrónkẹ́ fúnra rẹ̀, fi ọwọ́ bo ẹnu.

Olúrónkẹ́ gbá ìgbà méje kó tó parí ihò àkọ́kọ́. Ṣàkírát gbá mẹ́rin. Ní ihò kejì, ọ̀pá tún fẹ́ yọ̀, ó wá dì í mú gírígírí débi pé apá rẹ̀ gan bí igi, bọ́ọ̀lù sì wọ igbó. Kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀, Ṣàkírát ti fi mẹ́rin ṣáájú rẹ̀. Olúrónkẹ́ ń rìn lọ sí ihò kẹta, ó ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé, "Wọ́n sọ òótọ́. Ìyá Fẹ́rẹ̀ẹ́ ni mí." Ó ti fi ọkàn sọ iṣẹ́ náà nù. Ohun tó kù lójú rẹ̀ ni kó parí ìtìjú náà, kó lọ sílé.

Bó ṣe fẹ́ nu òógùn ojú rẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ yọ̀ lórí imú rẹ̀. Ó dúró. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó ń dán. Ó gbọ́ òórùn òróró. Ẹ̀rín pa á níbi tó dúró sí. Àṣé kì í ṣe ayé, kì í ṣe ọ̀tá, kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n gbá. Òun fúnra rẹ̀ ló ta epo sí àlà ara rẹ̀! Ó bẹ̀rẹ̀, ó bu erùpẹ̀ gbígbẹ lẹ́bàá ọ̀nà, ó fi ra ọwọ́, ó fi ra ìdí ọ̀pá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí wọn kò fi yọ̀ mọ́. Láoyè ń wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú.

Bọ́ọ̀lù tó gbá tẹ̀ lé e lọ sókè, ó sì bọ́ sórí buráùn ihò kẹta, ìṣísẹ̀ mẹ́jọ sí ihò. Ṣùgbọ́n kò tíì parí o. Ojú gbogbo ènìyàn tún wà lára rẹ̀, ọwọ́ tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìgbọ̀n rẹ̀. Ọkùnrin tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ lọ́jọ́ náà mú réèkì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ọ̀nà fún un, wọ́gọwọ̀gọ, bí ẹni tó ń gbá ilẹ̀ ọjà. Olúrónkẹ́ kò lè gbà á mọ́ra. Buráùn tirẹ̀! Ọdún mọ́kànlá!

"Ẹ gbé e fún mi jàre," ló wí, ó sì gba réèkì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wẹ̀yìn. "Ọ̀gá, ṣé òfin gbà á?"

"Òfin wa gbà á," ni Láoyè dáhùn. "Ẹnikẹ́ni ló lè tẹ́ ọ̀nà tirẹ̀, lẹ́ẹ̀kan péré."

Olúrónkẹ́ tẹ́ ẹ. Ó fa réèkì náà ṣẹ́rẹ́ṣẹ́rẹ́ bó ti ń ṣe láràárọ̀, ó sì ń kọ orin ilé àdúrà wọn sínú imú. Bó ti ń fà á ló rí i pé buráùn náà da gẹ̀rẹ́ díẹ̀ sápá òsì. Àbí kò ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni? Òun ló fi orí ru iyanrìn ibẹ̀ lọ́dún tí òjò wọ́ ọ lọ. Nígbà tó dé ẹnu ihò, ó wo ọwọ́ rẹ̀. Kò gbọ̀n. Ọwọ́ yìí kò gbọ̀n rí lára réèkì. Kó tó ráyè ronú ohun mìíràn, ó gbé réèkì sílẹ̀, ó mú ọ̀pá, ó gbá a. Bọ́ọ̀lù rọra yí lọ, ó tẹ̀ sápá òsì díẹ̀, ó wọlé.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Láti ibẹ̀ lọ, obìnrin kan mìíràn ni a rí lórí pápá. Ara rẹ̀ balẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Gbogbo ibi tó bá dé, ó ń ṣe bí ẹni tó wọ yàrá ara rẹ̀. Ṣàkírát ẹ̀wẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀yìn. Koríko Èkó ló mọ̀. Orí buráùn, bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń dúró kó tó dé ihò, tó bá sì fi agbára kún un, á ré kọjá. Bẹ́ẹ̀ ọwọ́ tirẹ̀ kò yọ̀ o, ọkàn rẹ̀ ni kò balẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí ihò keje, àròpọ̀ àwọn méjèèjì dọ́gba, wọ́n ta ọ̀mì. Ní ihò kẹjọ, ọ̀mì náà ni.

Ihò kẹsàn-án. Ṣàkírát gbá ìgbà márùn-ún, ó parí tirẹ̀. Olúrónkẹ́ ti gbá mẹ́ta, bọ́ọ̀lù rẹ̀ sì dúró ní ẹsẹ̀ bàtà méjì sí ihò. Ibẹ̀ gan-an ni. Ibi tí wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. Gbogbo wa mọ ibẹ̀, òun náà mọ̀ ọ́n. Bó bá gbá a wọlé, olùkọ́ ni. Bó bá tún gba ẹ̀gbẹ́ ihò kọjá, ó lè máà sí ẹni tí yóò rántí orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́.

Ọwọ́ gbọ̀n. A rí i. Ọlọ́rundáre, tó ti gbé ọ̀kadà rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, di etí rẹ̀ méjèèjì bí ẹni pé ìbọn ló fẹ́ dún.

Olúrónkẹ́ na ọwọ́, ó gba réèkì. Ẹsẹ̀ bàtà méjì, kí ni réèkì fẹ́ ṣe níbẹ̀? Síbẹ̀ ó tẹ́ ẹ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pẹ̀lú orin nínú imú, bí ẹni pé aago mẹ́fà àárọ̀ ni, tí kò sì sí ènìyàn kan láàárín gbogbo ọ̀pẹ yẹn. Ó gbé réèkì sílẹ̀. Ó mú ọ̀pá. Bọ́ọ̀lù wọ ihò, a sì gbọ́ bó ṣe ró kò nísàlẹ̀.

Ariwo tí a pa lọ́jọ́ náà, wọ́n ní wọ́n gbọ́ ọ ní Odigbó. Ọlọ́rundáre sáré wọ orí buráùn pẹ̀lú bàtà ẹlẹ́rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì kọ́kọ́ lé e kúrò níbẹ̀ kó tó dì mọ́ ọn. Ṣàkírát kúnlẹ̀, ó ní, "Mà, ẹ ó kọ́ mi ní buráùn yìí kí n tó lọ." Ní ọjọ́ ìsinmi, Wòlíì Eli dìde láàárín ìsìn, ó ní òróró ti ṣiṣẹ́. Olúrónkẹ́ dá a lóhùn pé, "Ó ṣiṣẹ́, Bàbá. Erùpẹ̀ ló kù tí ẹ kò bù sí i." Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín, wòlíì náà sì rẹ́rìn-ín.

Ó ti di olùkọ́ báyìí. Obìnrin méjìlá ló ń kọ́, réèkì ló sì kọ́kọ́ ń fún wọn kí wọ́n tó fọwọ́ kan ọ̀pá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ọ̀gbẹ́ni Láoyè ń gbá tirẹ̀ níwájú àwọn àlejò, ó ku ẹsẹ̀ bàtà méjì sí ihò kẹsàn-án, bọ́ọ̀lù rẹ̀ sì gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó wá wẹ̀yìn wo Olúrónkẹ́.

"Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe tí kò dáa?"

"Fẹ́rẹ̀ẹ́ ni, sà," ni Olúrónkẹ́ wí, ó sì na réèkì sí i.