Orin Tí Uncle Bámi Ṣe fún Ẹsẹ̀ Kéékèèké

Tí ẹ bá rí ọkùnrin kan láàárọ̀ tó ń fẹsẹ̀ rìn láti Kétu lọ sí Ìkòsì bí ẹni tí wọ́n ń lé, Bámi ni. Kì í ṣe ahun o. Kò kàn lè jókòó sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá títí èrò yóò fi kún ni. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì, orí ìdúró ló ṣì ti ń jẹun. Láàárín ọdún mẹ́sàn-án, ó ti kọ́ àwọn ọmọ lórin ní ilé-ẹ̀kọ́ márùn-ún, òun fúnra rẹ̀ ló sì fi gbogbo wọn sílẹ̀. Ìkẹfà yìí, tó wà n'Ìkòsì, nìkan ni kò fẹ́ kúrò níbẹ̀.

Kò sí dùùrù níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà kan ló wà, àti ògiri funfun tí wọ́n ń tan àwòrán sí. Ṣùgbọ́n Bámi ti rí ibi ọ̀fẹ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí èèyàn ti lè ṣe orin: àpótí kéékèèké ló kún ojú rẹ̀, tí o bá tẹ ọ̀kan, á gba àwọ̀, á sì dún. Ti òkè ń dún tín-ín-rín, ti ìsàlẹ̀ ń dún kíkẹ̀. Ọmọ tí kò mọ nǹkan kan nínú orin á tẹ mẹ́rin, á gbọ́ ohun tó ṣe, ẹnu rẹ̀ á là sílẹ̀. Ohun tí Bámi fẹ́ràn jù láyé nìyẹn.

Àfi bí Mummy Ṣọládé, tó ni ilé-ẹ̀kọ́, ṣe pè é sí ọ́fíìsì.

"Uncle Bámi, abacus, ìlẹ̀kẹ̀ ìṣirò yẹn, ni àwọn parents ń béèrè. Orin orí computer yìí, kí la fẹ́ fi ṣe gan-an? Ẹ ṣe èyí tí àwọn ọmọ á fi máa wọ class láàárọ̀, kí n rí iṣẹ́ rẹ̀. Tí ò bá dáa, mo máa fún abacus ní period yín next term."

Orin nìkan sì ni Bámi ń kọ́ wọn. Tí orin bá lọ, òun náà lọ nìyẹn.

Lọ́jọ́ Sunday, ó dúró ti fèrèsé nílé, ó ń fi gìgísẹ̀ gbá ilẹ̀, ó ń tẹ àpótí lórí fóònù. Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, orin ti délẹ̀, ó dùn, ó ta kébékébé. Òun fúnra rẹ̀ fò sókè sí i.

Ní Monday, lẹ́yìn àdúrà àti ìkéde, wọ́n tan orin náà. Nursery ló máa ń ṣáájú, Primary Five ló ń kẹ́yìn. Àwọn Nursery gbìyànjú láti bá orin náà dọ́gba. Wọ́n sáré, ẹsẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀, Success ọmọ ọdún mẹ́rin dojú bolẹ̀, àwọn márùn-ún tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì dà lé e lórí. Àgbọ̀n rẹ̀ bó. Aunty Keziah, olùkọ́ wọn, gbé e, ó ń nu ẹ̀jẹ̀.

"Ẹ pa á," ni Mummy Ṣọládé wí. Ó wo Bámi. "Ṣé sójà ni wọ́n ni? Friday, Uncle. Tí ẹnì kan bá tún ṣubú, ó parí."

Ojú ti Bámi débi pé kò lè jẹun ọ̀sán, àní lórí ìdúró. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ: ó wọ kíláàsì, ó jáde, ó dín ìyára orin náà kù, ó tún fi kún un. Ìgbà tó bá falẹ̀, ara rẹ̀ á máa yún un. Aunty Keziah wò ó títí ó sú u.

"Uncle, ẹ wá bá mi kó àwọn ọmọ lọ fọwọ́, ẹ jọ̀ọ́."

Success ló di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ibi tí Bámi lè fi ìṣísẹ̀ ogún dé, ọmọ yìí dúró lẹ́ẹ̀mẹta kó tó débẹ̀, ó wo èèrà, ó fa ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ sókè. Bámi bẹ̀rẹ̀ kó gbé e.

"Ẹ má gbé e," ni Aunty Keziah sọ. "Ẹ jẹ́ kó rìn."

Ìgbà yẹn ló tó yé e. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló ṣe orin náà fún. Inú bí i sí ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ Wednesday, ó sọ ọ́ fún Primary Four bó ṣe jẹ́. Junaid, tí ẹnu rẹ̀ mú jù ní kíláàsì, ló dá a lóhùn: "Uncle, ẹ jẹ́ kí àwọn Nursery wá rìn, ká máa tẹ̀ ẹ́." Wọ́n sún bẹ́ǹṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn Nursery ń rìn kọjá níwájú ògiri, àwọn Primary Four ń gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ ara wọn: bí ẹsẹ̀ bá ti balẹ̀, wọ́n á tẹ àpótí kan sí ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń wá ohùn òkè tó bá a mu. Wọ́n jiyàn, wọ́n pa á rẹ́, wọ́n tún un ṣe. Bámi ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó dúró sójú kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ló na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà, ẹ̀ẹ̀mejì ló fà á padà. Ó nira fún un ju iṣẹ́ èyíkéyìí tó ti ṣe láyé rẹ̀ lọ. Ìyára orin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ti tẹ́lẹ̀.

Friday pé. Orin bẹ̀rẹ̀, ó rọra ń lọ. Success gbé ẹsẹ̀, ó gbé ìkejì, kò sáré. Bámi ń fojú ka ìṣísẹ̀ wọn títí wọ́n fi wọlé tán. Primary One tẹ̀ lé wọn, wọ́n ń mi orí. Kò sẹ́ni tó ṣubú. Ṣùgbọ́n orin dákẹ́ nígbà tí Primary Five ṣì wà lórí àtẹ̀gùn, wọ́n sì dúró síbẹ̀, wọ́n ń wojú ara wọn.

Mummy Ṣọládé rìn wá bá Bámi. Kò rẹ́rìn-ín.

"Uncle, ó ti kúrú jù," ó ní. "Àwọn Primary Five ò tíì dókè tó fi tán. Kẹ́ ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín kí wọ́n fi kún un, ká lè máa lò ó next term."

Bámi ní "Yes, ma." Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, ó wá àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó jókòó.